Ọ̀pẹ Inú Yàrá Bàbá Mi

Ní agogo mẹ́rin ku ìṣẹ́jú márùn-ún, ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ni ọ̀rọ̀ tí mo rò pé mo ti sin tún gbérí. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ṣẹ̀ṣẹ̀ túká ni. Mo ń to síléètì wọn jọ nígbà tí mo gbọ́ tí ọ̀pá ń kan ilẹ̀, tí Ìyá Alábẹ̀bẹ̀ sì yọ sí ẹnu ọ̀nà. Aládùúgbò wa ni ìyá arúgbó yìí ní Bẹyẹrunka láti ìgbà tí mo ti dáyé, abẹ̀bẹ̀ ló sì ń hun tà láti ìgbà ọmọge rẹ̀. Ó gbé ọ̀kan tuntun lé orí tábìlì mi. Imọ̀ ọ̀pẹ tó fi hun ún kò tíì gbẹ tán, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo yàrá náà: òórùn tútù, tó dùn díẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá ṣẹ́ ìrèké tí kò tíì gbó. Síléètì méjì já bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ó ní, "Tíṣà mi, mi ò ní pẹ́. Ọ̀rọ̀ Ràbí ni mo bá wá. Ojú tì mí láti bẹ bàbá rẹ títí ó fi lọ, ìwọ lo kù nípò rẹ̀. Bá mi dárí jì í nítorí Ọlọ́run, kí wọ́n má bàa máa bi í léèrè ọ̀pẹ yẹn níbi tó wà."

Ràbí ni ọmọ ọmọ rẹ̀. Ó ti kú. Nínú àwọn ilé ìmàle àdúgbò wa, bí ènìyàn bá kú, àwọn ará ilé rẹ̀ a máa wá ẹni tí òkú náà bá ṣẹ̀ kiri, wọn a bá a tọrọ ìdáríjì, kí ẹ̀ṣẹ̀ ọmọnìkejì má bàa wà lọ́rùn rẹ̀ lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Ẹ̀ṣẹ̀ tí Ìyá Alábẹ̀bẹ̀ ń sọ ni pé Ràbí pa ọ̀pẹ kan tí òyìnbó fi sí ìkáwọ́ bàbá mi, nígbà tí èmi àti òun jẹ́ ọmọdé. Ràbí kọ́ ló pa á. Èmi ni.

Mo fẹ́ rò ó fún ẹ̀yin ọmọdé tí ń ka ìwé ìròyìn yìí, àti ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń kà á sí wọn létí. Mo ti yí orúkọ àwọn ènìyàn àti àdúgbò wa padà, kí ẹnikẹ́ni má bàa dá wa mọ̀. Bí mo bá ń ṣàlàyé ohun tó wà lọ́kàn mi jù, ẹ fara dà á. Ọdún tó kọjá ni mo jáde ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Wọ́n kọ́ wa níbẹ̀ láti ṣàlàyé ohun gbogbo, wọn kò kọ́ wa ní ibi tó yẹ kí a ti dákẹ́.

Nígbà tí mo ń sọ yìí, ilé kan ṣoṣo ló ní òrùlé páànù ní ìhà ọ̀dọ̀ wa, koríko ni gbogbo ìyókù. Bí òjò bá rọ̀, ilé páànù yẹn ló máa ń pariwo jù, olówó tó ni ín a sì jáde síta kí á lè rí i pé òun ni ilé ń pariwo fún. Bàbá mi ń tọ́jú ọgbà òyìnbó kan ní Agodi, Gádínà sì ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Kí oòrùn tó yọ ni ó ti ń gun òkè lọ pẹ̀lú ọkọ́ kékeré ní èjìká. Bí ó bá dé ní ìrọ̀lẹ́, a máa ń gbóòórùn òdòdó tí a kò mọ orúkọ wọn lára aṣọ rẹ̀.

Ní ìgbà ọyẹ́ kan, ó ru ìkòkò amọ̀ kan bọ̀ láti Agodi, ewé sì ń mì lórí rẹ̀ bí ẹni pé orí bàbá mi ló hù ú. Òyìnbó náà ń lọ sí ìlú rẹ̀ fún ìsinmi oṣù mẹ́fà. Wọ́n á ti ilé rẹ̀ pa, ọ̀pẹ tí ń gbé inú pálọ̀ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kú. Ó pe bàbá mi, ó fi lé e lọ́wọ́.

Ọ̀pẹ àràrá ni. Kò ga ju orúnkún bàbá mi lọ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ní ó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún. Kò ní ẹ̀gún. Ewé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń dán, ó sì tẹrí ba yí ara rẹ̀ ká bí àwọn ìyàwó tí ń kí àgbà. Gbogbo agboolé ló wá wò ó. Bàbá àgbà ilé wa pàápàá jáde, ó sì dúró tì í pẹ́.

Ó bèèrè pé, "Ṣé ó ń so ẹyìn?"

Bàbá mi ní, "Rárá o, ẹ̀yin bàbá."

"Ṣé wọ́n ń dá ẹmu lára ẹ̀?"

"Wọn kì í dá a."

"Kí ló wá ń ṣe?"

Bàbá mi ronú. "Wọ́n kàn ń wò ó ni."

Bàbá àgbà mi orí. "Àwọn òyìnbó mà ń jayé o!"

Nítorí àwọn ewúrẹ́, inú yàrá bàbá mi ni ọ̀pẹ náà ń gbé, ní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀. Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́ lẹ́rán. Ó ní, "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí orogún nílé yìí. Mi ò mọ̀ pé eléwé ni."

Ìtọ́jú rẹ̀ gba sùúrù. Bó bá wà nínú oòrùn gangan, etí ewé rẹ̀ á jó; bó bá wà nínú òkùnkùn, á rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni bàbá mi gbé e sí, níbi tí ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ ti ń yọ́ wọlé. Láràárọ̀, ó ń ki ìka bọ iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ dé oríkèé kìíní. Bó bá gbẹ, a bu omi sí i. Bó bá ṣì tutù, a fi í sílẹ̀. Ó tẹ́ àpáàdì sí ìsàlẹ̀ ìkòkò kí omi lè rí ọ̀nà jáde, nítorí gbòǹgbò tó bá ń wẹ̀ tọ̀sán-tòru kò ní pẹ́ jẹrà. Ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ń yí ìkòkò náà díẹ̀, kí ọ̀pẹ má bàa tẹ̀ sí apá kan níbi tó ti ń wá ìmọ́lẹ̀.

Èmi àti Ràbí ni ó fún ní iṣẹ́ pé kí a máa nu ewé, nítorí eruku ọyẹ́ kò jẹ́ kó mí. Aṣọ funfun la ó rẹ sínú omi, a ó fún un, a ó sì fi nu ewé kọ̀ọ̀kan láti ìdí dé ṣóńṣó. Èmi a máa sáré ṣe é. Ràbí kì í sáré. Ó máa ń fi ọwọ́ kan gbé ewé láti ìsàlẹ̀ bí ẹni gbé orí ọmọ ọwọ́, a sì máa bá a sọ̀rọ̀: "Rọra, rọra, ó kù díẹ̀." Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. N kò mọ̀ nígbà yẹn pé ìlara ló wà nínú yẹ̀yẹ́ mi, pé mo ti ń rí i pé ó mọ̀ ọ́n ṣe jù mí lọ. Mo rò pé ó yẹ kí ẹ mọ èyí, nítorí n kò fẹ́ kí ẹ rò pé àìmọ̀ọ́ṣe ọmọdé nìkan ló fà á.

Bàbá mi pè wá méjèèjì jókòó ní ọjọ́ kìíní. Ó fi ìka hàn wá ní àárín ọ̀pẹ náà, níbi tí ewé tuntun ti yọ, tó ká jọ ṣóńṣó, tí kò tíì là. Ó ní, "Ẹ wò ó, ibi kan ṣoṣo yìí ni ọ̀pẹ ti ń dàgbà. Bí ẹ bá gé igi ọsàn lórí, á rúwé lẹ́gbẹ̀ẹ́. Eléyìí ò ní ẹ̀gbẹ́. Ẹ má fọwọ́ kan àárín rẹ̀."

Ràbí kò lọ sí ilé ìwé. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti dé, tí mo ń ka ABD mi sókè, ó ń kà á lẹ́yìn mi, kò sì pẹ́ tó fi ń kà á ṣáájú mi. Bàbá mi gbọ́ ọ ní ọjọ́ kan, ó sì dìde, ó lọ bá bàbá Ràbí níbi tó ti ń rán bàtà awọ. Ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta ló lọ. Ní ìkẹta, ọkùnrin náà gbà pé kí Ràbí bá mi lọ sí ilé ìwé lẹ́yìn ọdún Àjíǹde. Ràbí jókòó sí ẹnu ọ̀nà wa ní ọjọ́ náà, ó ń fi ìka kọ lẹ́tà kan náà sórí ilẹ̀, ó ń pa á rẹ́, ó tún ń kọ ọ́.

Nígbà náà ni Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ dé, èyí tó ṣáájú Àjíǹde, tí gbogbo ìjọ máa ń gbé imọ̀ ọ̀pẹ lọ́wọ́ yí ṣọ́ọ̀ṣì ká. Àwọn ọmọkùnrin a máa gun àwọn ọ̀pẹ etí odò Ògùnpa, wọn a fa mọ̀rìwò yọ láàárín rẹ̀, ewé tuntun tó funfun, tó sì rọ̀. Àwa ọmọbìnrin tí kò lè gun ọ̀pẹ, imọ̀ gbígbẹ la máa ń rí. Ní ọdún tó ṣáájú, wọ́n ti fi mí ṣẹ̀sín pé ìgbálẹ̀ ni mo gbé wá sí ilé Ọlọ́run.

Ní ọ̀sán Sátidé, ìyá mi wà ní Ọjà'ba, bàbá mi wà ní Agodi. Mo wọ inú yàrá. Mo wo ewé àárín yẹn. Mo rántí ohun tí bàbá mi sọ, n kò gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo tún rántí pé ọdọọdún ni wọ́n ń fa mọ̀rìwò lára àwọn ọ̀pẹ Ògùnpa, tí wọ́n sì ń dúró síbẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé ìkìlọ̀ àgbàlagbà lásán ni. Mo dì í mú, mo fà á. Ó kọ́kọ́ kọ̀, lẹ́yìn náà ó yọ lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú ìró kékeré bí ìgbà tí ènìyàn bá yọ ẹsẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Ìdí rẹ̀ funfun bí eyín ọmọ ọwọ́, ó tutù. Mo fi ahọ́n kàn án. Ó dùn.

Mo là á sí wẹ́wẹ́, mo fi hun àgbélébùú. Ní ọjọ́ kejì, àlùfáà gbà á lọ́wọ́ mi, ó gbé e sókè kí gbogbo ìjọ lè rí i. Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí dé ilé, kò rántí bi mí níbi tí mo ti rí mọ̀rìwò. Ó fi ìṣó kàn án mọ́ ògiri yàrá rẹ̀, ní òkè ọ̀pẹ náà gan-an, kò sì wo ìsàlẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ó tó wo àárín rẹ̀ dáadáa, nígbà tó fẹ́ yí ìkòkò. Ó pe èmi àti ìyá mi, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ọmọdé. "Ta ló fọwọ́ kan ọkàn rẹ̀?"

Ìyá mi ni ó rántí pé inú ilé alábẹ̀bẹ̀ ni Ràbí ti ń wá, pé imọ̀ tó rọ̀ ni wọ́n ń wá kiri. Bàbá mi lọ síbẹ̀, ó sì rí ìrépé mọ̀rìwò lórí ẹní Ìyá Alábẹ̀bẹ̀. Ṣé ilé alábẹ̀bẹ̀ á ṣe aláìní mọ̀rìwò? Ṣùgbọ́n ẹ̀rù pé iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ti ń ba bàbá mi, ó sì fẹ́ rí ẹni tí yóò dá lẹ́bi.

Wọ́n pe Ràbí sí àgbàlá. Ó ní, "Bàbá, èmi kọ́. Etí odò ni wọ́n ti fa ti ìyá àgbà."

Ìyá Alábẹ̀bẹ̀ ní, "Sọ òótọ́! Ojú ń tì mí níwájú àwọn ènìyàn."

"Mo fi Ọlọ́run búra, èmi kọ́." Ó wá yíjú sí mi. "Sọ fún wọn. Ìwọ náà mọ̀ pé mi kì í fọwọ́ kan àárín ẹ̀."

Gbogbo wọn wò mí. Mo ní, "Mi ò mọ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni mo wí. Mo ti gbìyànjú láti fún ọ̀rọ̀ yẹn ní orúkọ mìíràn: ìbẹ̀rù, ìtìjú, ọmọdé. Kò gba orúkọ kankan nínú wọn. Ìyá Alábẹ̀bẹ̀ fa igi abẹ̀bẹ̀ yọ, ó sì nà án títí Ràbí fi kúnlẹ̀, tó ní, "Ẹ má bínú." Kò sọ pé òun ni. "Ẹ má bínú" nìkan ló sọ, wọ́n sì gbà á pé ó ti jẹ́wọ́.

Bàbá rẹ̀ dé ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n ròyìn fún un. Ó dúró ní àgbàlá wa, kò gbé ohùn sókè. Ó ní, "Gádínà, ẹ̀yin ìgbàgbọ́ lẹ ní kí n fi ọmọ sílé ìwé yín. Kó tó débẹ̀, ẹ ti sọ ọ́ dolè."

Kí ọdún Àjíǹde tó parí, wọ́n mú Ràbí lọ sí Ìwó lọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin. Ó gba ẹnu ọ̀nà wa kọjá pẹ̀lú ẹrù lórí. Mo rò pé yóò bú mi, mo tilẹ̀ ń retí rẹ̀. Ó kàn dúró, ó ní, "Ṣé ọ̀pẹ náà ti kú?"

Mo ní, "Kò tíì kú. Ewé rẹ̀ ṣì tutù."

Ó ní, "A dúpẹ́," ó sì bá tirẹ̀ lọ. Títí di òní, n kò mọ̀ bóyá ó ti wo àgbélébùú orí ògiri yẹn dáadáa.

Irọ́ kọ́ ni mo pa fún un nígbà yẹn. Bí ọ̀pẹ ṣe ń kú nìyẹn: ewé ìta a máa dán fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ nígbà tí àárín ti ń jẹrà. Bàbá mi ń bu omi díẹ̀ sí i, ó ń bu eérú sí i, ó gbé e jáde fún afẹ́fẹ́, ó tún gbé e wọlé. Ní ọjọ́ kan, ó di ewé kan mú láti nù ún, ewé náà sì yọ sí i lọ́wọ́ láì jà, ìdí rẹ̀ dúdú, ó ń rùn. Ó fi í sílẹ̀ nínú ìkòkò.

Nígbà tí òyìnbó dé, bàbá mi ru ìkòkò náà gun Agodi lọ pẹ̀lú òkú ọ̀pẹ nínú rẹ̀. Ó ti múra sílẹ̀ pé wọ́n á lé òun. Ó kúnlẹ̀, ó ṣàlàyé, akọ̀wé sì túmọ̀ rẹ̀. Òyìnbó náà wojú akọ̀wé, ó sì bèèrè pé ọ̀pẹ wo. Nígbà tí ó rántí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí ó da ti inú rẹ̀ nù, kí ó fi ìkòkò náà gbin òdòdó mìíràn. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni bàbá mi sọ èyí fún wa.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an, ó lọ bẹ bàbá Ràbí pé kí ó jẹ́ kí ọmọ náà padà wá sí ilé ìwé. Ọkùnrin náà ń rán awọ lọ, kò gbójú sókè. Ó ní, "Ọ̀pẹ tiyín ló kú. Ọmọ tèmi ló lọ. Ẹ kú ìrìn o." Wọ́n fún Ràbí lọ́kọ ní Ìwó. Orí ìkúnlẹ̀ ló kú sí, òun àti ọmọ inú rẹ̀, nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ tí mo ń kọ́ bí a ṣe ń kọ́ ọmọ ní ìwà òtítọ́.

Bàbá mi kú ní ìgbà òjò tó kọjá. Mo jókòó tì í ní ọ̀sán púpọ̀, ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n mi. Ṣùgbọ́n ó ń fi mí yangàn fún gbogbo ẹni tó wá kí i, n kò sì lè sọ ọ́. Mo sọ fún ara mi pé àánú rẹ̀ ló ń ṣe mí. Mo rò pé àánú ara mi ni.

Púpọ̀ ti yí padà ní Bẹyẹrunka. Páànù ti pọ̀ débi pé kò sí ẹni tí òjò ń pariwo fún mọ́. Àwọn akọ̀wé náà ti ń gbin òdòdó sínú agolo síwájú ilé wọn, kò sì sí ẹni tó ń bèèrè pé kí ló ń so. Àwọn ọmọbìnrin ìmàle mẹ́rin ló wà ní kíláàsì mi, tí bàbá wọn fúnra wọn mú wá. Ohun tí kò yí padà ni pé nínú ilé alábẹ̀bẹ̀, bí nǹkan kékeré bá sọnù, wọ́n ṣì máa ń sọ fún ọmọ tí wọ́n bá fura sí pé, "Má ṣe bíi Ràbí o." Mo ti gbọ́ ọ pẹ̀lú etí ara mi.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tó burú jù. Ní Ọjọ́bọ̀ yẹn, nígbà tí Ìyá Alábẹ̀bẹ̀ bẹ̀ mí tán, mo la ẹnu láti sọ òótọ́. Ohun tó jáde ni, "Ìyá, mo ti dárí jì í." Ìyá arúgbó náà kúnlẹ̀ fún mi, fún èmi ọmọ àná, ó sì súre fún mi títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. N kò tètè gbé e dìde.

Nígbà tó dìde, ó ní ọ̀rọ̀ ẹni méjì kò tó. Lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀ tó kẹ́yìn oṣù yìí, yóò pe àáfà wọn àti gbogbo ẹbí, kí n wá tún un sọ níwájú wọn. Ó ti ra obì sílẹ̀.

Bí mo bá sọ òótọ́, Ràbí á bọ́ lọ́wọ́ orúkọ olè. Ṣùgbọ́n ìyá yìí á mọ̀ pé òun na ọmọ tí kò ṣẹ̀, pé òun fi ọwọ́ ara òun lé e lọ sí ibi tó kú sí, kò sì sí ẹni tí yóò bẹ̀ mọ́. Ó ti darúgbó jù. N kò mọ̀ bóyá yóò yè é. Bí n kò bá sì sọ ọ́, èmi ni n ó dúró láàárín àwọn ènìyàn, tí n ó dárí ji ẹni tó yẹ kí n wólẹ̀ bẹ̀. Mo ti rò ó síwá, mo ti rò ó sẹ́yìn, n kò rí ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò ti ní fara pa.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti rí ayé jù mí lọ, àti ẹ̀yin ọmọdé pàápàá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé sí mi kí Jímọ́ọ̀ yẹn tó dé. Kí ni kí n sọ níwájú wọn?